Ìró, Òǹkà àti Àgbàfipamọ́ Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

KÚTÚBÀ ÀKỌ́KỌ́

Ọpẹ́ àti ẹyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun Allah, Ọba Onímímọ̀, Ẹni tí nǹkan kan kò pamọ́ fún ní sánmọ̀ tàbí ní ilẹ̀, Ẹni tí ó mọ iye gbogbo nǹkan láìku ẹyọ kan. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè ní Olùfọkàntán kí iṣẹ́ Ọlọ́hun tó dé bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú dáadáa títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, à ń sọ àsọọ́lẹ̀ fún ara wa àti fún yín pẹ̀lú ìpáyà Ọlọ́hun, nítorí pé ẹni tí ó bá páyà Rẹ̀ ni yóò jèrè ní ayé àti ní ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí dá lórí ìró àti òǹkà. Nígbà tí àrùn Kòrónà wọ orílẹ̀-èdè wa ní òpin oṣù kejì ọdún 2020, alaalẹ́ ni àjọ NCDC ń kéde iye àwọn tí àrùn náà mú àti iye àwọn tí ó pa. Alaalẹ́ náà ni àríyànjiyàn ń tẹ̀lé òǹkà náà. Àwọn kan gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ̀rù sì bà wọ́n dé ojú oorun. Àwọn mìíràn fi ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní: “Ta ni ẹ mọ̀ tí ó ní i?” Lónìí, àrùn náà ti rọlẹ̀. Sàfù wa ti padà so pọ̀, èjìká kan èjìká. Ṣùgbọ́n iyèméjì tí ó gbìn sí wa lọ́kàn kò tíì tán. Bí onígbáméjì bá bẹ́ sílẹ̀, tàbí ibà Lassa, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́: ṣé òótọ́ ni iye tí wọ́n ń kà yìí? Kí ni ó tọ́ kí Mùsùlùmí ṣe sí ìró tí kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí, nígbà tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀?

Àṣẹ ìwádìí

Nínú Súrà Al-Hujurāt, āyà kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé bí ẹlẹ́ṣẹ̀ kan bá mú ìró wá bá wọn, kí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀, kí wọ́n má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn kan ní ṣùtá, kí wọ́n sì wá máa kábàámọ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn onímọ̀ ìtumọ̀ Àlùkùráánì sọ ìdí tí āyà náà fi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rán ọkùnrin kan lọ gba sàká lọ́wọ́ àwọn ìran Banū Mustaliq. Ó ṣẹ́rí padà lójú ọ̀nà, ó sì wá sọ pé wọ́n kọ̀ láti san sàká, wọ́n sì fẹ́ pa òun. Díẹ̀ ló kù kí ogun bẹ́ sílẹ̀ nítorí ìró tí kò ní ìpìlẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Ọlọ́hun kò ní kí a gba ìró náà, kò sì ní kí a sọ ọ́ nù. Kódà nígbà tí ẹni tí ó mú un wá jẹ́ ẹni tí a kò lè fọkàn tán, ìwádìí ni Ó pa láṣẹ, nítorí pé òótọ́ lè ti ẹnu òpùrọ́ jáde, olóòótọ́ pàápàá sì lè ṣe àṣìṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní “Irọ́ ni wọ́n ń pa” láìṣe ìwádìí kankan kò tíì mú àṣẹ āyà yìí ṣẹ. Ńṣe ni ó kúrò nínú gbígbàgbọ́ láìwádìí, tí ó bọ́ sínú ṣíṣàìgbàgbọ́ láìwádìí. Àìmọ̀ kan náà ni méjèèjì. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ ló yàtọ̀. Ọlọ́hun sì ti kìlọ̀ fún wa nínú Súrà Al-Isrā’, āyà 36, pé kí a má ṣe tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀, nítorí pé etí, ojú àti ọkàn, gbogbo wọn ni a ó bi léèrè.

Ànábì Sulaimān àti ẹyẹ Hudhud

Àwòkọ́ṣe tí ó hàn jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Súrà An-Naml. Ẹyẹ Hudhud dé síwájú Ànábì Sulaimān, ó ní òun mọ ohun tí ọba kò mọ̀, òun sì mú ìró tí ó dájú wá láti ilẹ̀ Saba’: obìnrin kan ni ó ń jọba lé wọn lórí, òòrùn ni wọ́n sì ń forí kanlẹ̀ fún. Ẹ wo ipò àwọn méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ọba tí Ọlọ́hun fi ènìyàn, àlùjọ̀nnú àti afẹ́fẹ́ sí abẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ìkejì jẹ́ ẹyẹ kékeré kan.

Kí ni Ànábì Sulaimān ṣe? Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀sín nítorí pé ẹnu ẹyẹ ni ó ti jáde. Kò sì kó ọmọ ogun jáde lọ́jọ́ náà nítorí pé ẹyẹ náà ní ó dájú. Ó ní àwọn yóò wò ó bóyá òótọ́ ni ó sọ tàbí ó wà lára àwọn òpùrọ́. Ó kọ ìwé, ó fi rán ẹyẹ náà gan-an sí wọn, ó sì ní kí ó sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ó wo irú èsì tí wọn yóò fọ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: ó tẹ́tí, ó dá ìdájọ́ dúró, ó sì wá ọ̀nà tí òótọ́ yóò fi hàn. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣìnà. Ẹni tí ó tẹ́tí tí kò wádìí di ẹrú ìró. Ẹni tí kò tilẹ̀ tẹ́tí rárá di ẹrú ọkàn ara rẹ̀.

Kí ni òǹkà ń sọ fún wa?

Ẹ jẹ́ kí a gbé òṣùwọ̀n yìí lé orí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Òǹkà alaalẹ́ ti ọdún 2020 kì í ṣe iye gbogbo ẹni tí àrùn náà mú. Iye àwọn tí a ṣe àyẹ̀wò fún, tí a sì rí àrùn náà lára wọn, ni. Ẹni tí kò lọ fún àyẹ̀wò kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kú sílé láìsí àyẹ̀wò kò sí nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ọjà kan, tí ó ń ka àwọn tí ó ń gba ibẹ̀ wọlé, kò purọ́ bí ó bá sọ iye tí ó kà. Ẹni tí ó bá gba iye náà ní iye gbogbo èrò ọjà ni ó ṣi í gbọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún náà, àjọ NCDC àti NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn tí ó wà ní Yábàá, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn láti agboolé dé agboolé ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin, láti mọ àwọn tí àrùn náà ti wọ ara wọn rí. Ní Èkó àti ní Enugu, bíi 23 nínú 100 ènìyàn ni wọ́n rí. Ní Nasarawa, 19. Ní Gombe, 9. Ní àkókò yẹn, àwọn tí àyẹ̀wò ti kà ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ bíi 20,000, nínú ìpínlẹ̀ tí èrò inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Òǹkà tí àwọn kan ń sọ pé ìjọba ń fi bù mọ́ ọn kéré jọjọ sí bí àrùn náà ṣe tàn tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó rò pé òǹkà náà ni gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò rí òótọ́ mú. Ẹ sì wò ó: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àrùn náà wọ ara wọn ni kò mọ̀ pé ó mú wọn rí, nítorí pé kò dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹni tí ó ń bèèrè pé “Ta ni ẹ mọ̀ tí ó ní i?” kò purọ́, ó lè jẹ́ pé kò mọ ẹnì kankan ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí.

Báyìí ni ó rí káàkiri àgbáyé. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìṣirò iye ikú tí ó lé sí ti àtẹ̀yìnwá ní ọdún 2020 àti 2021. Ó tó bíi mílíọ̀nù 14.9, nígbà tí iye tí àwọn orílẹ̀-èdè kéde pé àrùn náà pa jẹ́ bíi mílíọ̀nù 5.4. Àwọn òkú tí ẹnikẹ́ni kò kà pọ̀ ju àwọn tí a kà lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánò tún jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, àwọn tí ń gbẹ́ sàréè ní ìlú náà ni ó kọ́kọ́ figbe ta pé òkú tí àwọn ń sin lójúmọ́ ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní àwọn àìsàn mìíràn bíi ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni ó ń pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ rán àwọn onímọ̀ lọ ṣe ìwádìí. Ní oṣù kẹfà, Mínísítà Ètò Ìlera nígbà náà, Dókítà Osagie Ehanire, kéde ohun tí wọ́n rí: ikú 979 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ inú ìgboro Kánò, ní ìwọ̀n 43 lójúmọ́, níbi tí ó jẹ́ pé bíi 11 ni ti àtẹ̀yìnwá. Ó ṣeé ṣe kí àrùn Kòrónà wà nídìí 50 sí 60 nínú 100 ikú náà. Ju ìdajì àwọn olóògbé náà lọ, inú ilé ni wọ́n kú sí.

Àwọn tí ń gbẹ́ sàréè ni Hudhud ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò ní oyè, wọn kò ní ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí àwọn aláṣẹ kò mọ̀ tàbí tí wọn kò fẹ́ gbọ́. Bí a bá ti fetí sí wọn ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìwádìí ì bá ti tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ń kéde

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tí ń gbọ́ ìró. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ohun tí a ń fi àṣẹ gbà. Àgbàfipamọ́ ni òótọ́ jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń bá àwùjọ sọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì da àgbàfipamọ́ kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí wọn kò bá fi òmíràn pamọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ tí Ibrāhīm, ọmọ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), jáde láyé, òṣùpá bo òòrùn, ọ̀sán sì ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn ní ikú ọmọ náà ni òòrùn ń ṣọ̀fọ̀. Ìró náà ì bá buyì kún Ànábì. Kì í ṣe òun ni ó gbé e kalẹ̀, inú ìbànújẹ́ ni ó sì wà. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ó dọ̀la. Ó dìde síwájú àwọn ènìyàn, ó sì là á yé wọn pé àmì Ọlọ́hun ni òòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìwàláàyè ẹnì kankan.

Èyí ni òṣùwọ̀n fún ìjọba, fún oníròyìn, fún àlùfáà lórí míńbárì: kí ó tún ìró ṣe, kódà bí àṣìṣe inú rẹ̀ bá ń ṣe é láǹfààní. Ìjọba tí ó bá ń kéde òǹkà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a kà àti ohun tí a kò lè kà. Oníròyìn tí ó bá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ iye òkú gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n kan náà kọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rù ta ìwé ìròyìn ti ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí àwọn aláṣẹ kò bá sì pa òótọ́ mọ́ nínú ohun kan, a kì í gbà wọ́n gbọ́ nínú òmíràn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, èrò ya wọ àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Ẹdẹ, ní Èkó àti ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n sì bá oúnjẹ ìrànwọ́ àkókò Kòrónà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí ebi ti ń pa àwọn tí a torí wọn kó o jọ. Àwọn ìjọba ṣàlàyé ìdí tí kò fi tíì jáde. A kò sọ pé ó tọ́ láti jalẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá lẹ́bi ẹni tí ó sọ lọ́jọ́ náà pé: “Bí oúnjẹ tí ó wà nínú ilé wọn bá lè pamọ́ fún wa, báwo ni òǹkà wọn yóò ṣe dá wa lójú?”

A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, a ti gbà pé ìfura lè ní ìdí. Ṣùgbọ́n níní ìdí nìkan kò tó. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Bíi 200 ọmọ ni ó wà nínú ìdánwò náà, wọ́n sì fún ìdajì wọn ní oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú nínú ìhà méjèèjì. Ẹ̀sùn pé wọn kò gba àṣẹ àwọn òbí bí ó ti yẹ di ẹjọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, títí tí ilé-iṣẹ́ náà fi gbà ní ọdún 2009 láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Kánò. Ìyẹn wà lọ́kàn àwọn ènìyàn nígbà tí àwọn aṣáájú kan ní ọdún 2003 sọ pé kí wọ́n má gba oògùn àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Kánò dá a dúró di ọdún 2004. Àrùn náà gbilẹ̀, ó sì ràn láti ìhà ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni ilẹ̀ Áfíríkà tó gba ìwé ẹ̀rí pé a ti bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀ tí ń jà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìfura náà ní ìdí, nítorí pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n oògùn kan ni wọ́n fura sí nítorí òmíràn, wọn kò sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn rọ ni ó san gbèsè rẹ̀, àwọn tí kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, tí wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ìró tí kò ní baba tún burú jù ú lọ. Gbogbo wa ni a rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó, tí ìró gba orí fóònù kiri lóru pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, àwọn kan sì kú, kì í ṣe nítorí Ebola, nítorí iyọ̀. Ní àkókò kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń ka gbogbo ẹni tí ó ti súnmọ́ alárùn, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, ó pa 8, lára wọn ni Dókítà Ameyo Adadevoh, ẹni tí kò jẹ́ kí alárùn àkọ́kọ́ jáde kúrò nílé ìwòsàn. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé a ti bọ́. Òǹkà tí ó péye àti àwọn ará ìlú tí ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ń kà, méjèèjì ni Ọlọ́hun fi ṣe sábàbí.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà, ní àkókò tí ìwádìí kò tíì parí? Ẹ wo Káláífà Umar. Ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó dé Sargh, wọ́n sì sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú. Ó pe àwọn àgbà jọ, ìmọ̀ràn wọn kò ṣọ̀kan. Ó pinnu láti dá àwọn ènìyàn padà. Nígbà tí Abū Ubaidah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún, ó dá a lóhùn pé inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ti ń lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Lẹ́yìn ìpinnu yìí ni Abdur-Rahmān ọmọ Awf dé, tí ó sì sọ hádíìsì tí ó gbọ́ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, pé kí a má wọ ìlú tí àrùn bẹ́ sí, kí a má sì sá jáde níbẹ̀. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Ìṣọ́ra ni ó kọ́kọ́ dì mú. Ẹ̀rí ni ó bá a lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi ń gba ara wa àti ẹ̀yin níyànjú.

Èkíní: bí ìró àrùn bá dé orí fóònù rẹ, má fi ránṣẹ́ títí ìwọ yóò fi mọ ẹni tí ó sọ ọ́, ohun tí ó rí, àti bí ó ṣe mọ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ́ wa pé irọ́ tí ó tó irọ́ ni kí ènìyàn máa sọ gbogbo ohun tí ó bá gbọ́. Nínú Súrà An-Nisā’, āyà 83, Ọlọ́hun bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń fọ́n ìró ìbẹ̀rù káàkiri, tí wọn kò dá a padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó lè tú u palẹ̀.

Èkejì: bí o kò bá gba òǹkà kan gbọ́, bèèrè ohun tí wọ́n kà. Ìbéèrè ni ẹ̀tọ́ rẹ. Yẹ̀yẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Títí èsì yóò fi dé, yàn ìṣọ́ra tí kò ní ọ lára. Ọwọ́ tí a fọ̀, aláìsàn tí ó kírun sílé, kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òfin orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 1992 ní kí a forúkọ gbogbo òkú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òkú ni à ń wẹ̀, tí à ń kírun sí lára, tí à ń sin kí oòrùn tó wọ̀, tí ìwé kankan kò sì mọ̀ pé ó kú. Sùnnà ni ìyára sìnkú, kò sì dènà kíkọ orúkọ sílẹ̀. Ọlọ́hun pàṣẹ nínú āyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùráánì pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kékeré ni tàbí ńlá. Bí owó bá tó kọ sílẹ̀, ẹ̀mí ńkọ́? Kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan: orúkọ olóògbé, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tí ó kú, ibi tí ó kú sí, ohun tí ó ṣe é. Kí ẹnì kan máa mú un lọ sí ọ́fíìsì àjọ ìkànìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí àrùn mìíràn bá dé, ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ figbe ta. Àwùjọ tí kò ka òkú rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni òǹkà ẹlòmíràn.

Ọlọ́hun, fi òótọ́ hàn wá ní òótọ́, kí O sì jẹ́ kí a lè tẹ̀lé e. Fi irọ́ hàn wá ní irọ́, kí O sì jẹ́ kí a lè yẹra fún un. Forí jin àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn mú lọ, àwọn tí a kà àti àwọn tí Ìwọ nìkan mọ iye wọn. Jẹ́ kí àwọn aṣáájú wa jẹ́ olóòótọ́, kí etí wa má di ilé irọ́, kí ahọ́n wa má pa ẹnikẹ́ni. Fi àlàáfíà àti alùbáríkà sí ìlú wa. Āmīn.

Ẹ dìde, kí a kírun.